Ẹ dá ẹ̀rọ náà padà sí tíátà tí gbogbo wa ń lò: lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn wa

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwa aláìsàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ orúkọ ilé ìwòsàn yín kúrò nínú lẹ́tà yìí. Ẹ mọ ara yín. Àwọn tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà yín láti aago márùn-ún ìdájí kí wọ́n lè gba káàdì náà mọ̀ yín. Bí ilé ìwòsàn ìlú mìíràn bá kà á, tó rí i pé ọ̀rọ̀ òun gan-an ni, kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí. Ọdún 31 ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ abẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, kì í ṣe lọ́dọ̀ yín. Mo ti ka gọ́ọ̀sì tó rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀ kọjá iye tí mo lè rántí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ikùn tí wọ́n là, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde yín ní oṣù kìíní ọdún yìí ló bí lẹ́tà yìí. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó ní ẹ̀rọ laparoscopy, ìyẹn ẹ̀rọ kámẹ́rà tí a fi ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn láìla ikùn gbàràgàdà, ti kúrò ní tíátà gbogboogbò, pé láti ìsinsìnyí lọ wọ́ọ̀dù aládàáni ló ni ín. Nígbà tó di oṣù kejì, ẹ la ikùn àbúrò mi láti ìsàlẹ̀ ìdodo lọ dé ìsàlẹ̀ abẹ́ ikùn.

1. Ẹni ọdún 38 ni àbúrò mi yìí. Èlùbọ́ ló ń tà. Fún nǹkan bí ọdún méjì, nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì. Ó ń rò pé àárẹ̀ ọjà lásán ni, títí ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ tó sì ṣubú lé orí àpò èlùbọ́. PCV rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó, jẹ́ 23, ó kéré jù. Síkáànù fi ìju mẹ́ta hàn nínú ilé ọmọ, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní fáíbírọ́ìdì. Èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, inú ògiri ilé ọmọ ló wà. Àwọn méjì yòókù kéré, wọ́n rọ̀ síta bí èso lára ẹ̀ka. Kò sí àmì jẹjẹrẹ kankan.

Wọ́n fa páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára kí wọ́n tó wọlé, wọ́n tún fa ọ̀kan sí i níbi iṣẹ́ abẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Ọjọ́ 11 ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Nígbà tí ẹ ní kó máa lọ ilé, ẹ ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ̀yin àgbà, kí ni ẹni tó ń ta èlùbọ́ ń gbé bí kò ṣe ohun tó wúwo? Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Kòkòrò bá àpò mẹ́ta jẹ́ kó tó padà débẹ̀.

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà kò ṣe àṣìṣe. Mo wo ojú abẹ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ tí ọwọ́ wọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn mi ni pé a wá sí kíláníìkì nígbà mẹ́rin, kò sẹ́ni tó là á yé e pé ọ̀nà méjì wà. Èmi ni mo béèrè nígbà kẹta. Èsì tí mo gbà ni pé, “Mọ̀mí, wọn ò gbé ìyẹn wá fún apá ibí.” Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ni láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé yàrá tí ẹ̀rọ náà wà.

2. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ìlú ń ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn.

Wọ́n á lu ihò kan sí ìdodo, tí kò fẹ̀ ju bíi mìlímítà 10 lọ. Wọ́n á gba ibẹ̀ fi gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì kan náà tó ń mú kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò hó, fẹ́ ikùn títí á fi wú bí àgọ́, kí ààyè lè wà láàárín ògiri ikùn àti ìfun. Kámẹ́rà á gba ihò náà wọlé. Ihò méjì tàbí mẹ́ta mìíràn, tí ọ̀pọ̀ wọn ò ju mìlímítà 5 lọ, ni àwọn irinṣẹ́ gígùn á gbà. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni dókítà ń wò tó fi ń ṣiṣẹ́. Yóò la ara ilé ọmọ díẹ̀, yóò yọ ìju náà bí ẹní ń yọ ẹ̀pà nínú èèpo, yóò sì rán ojú ibẹ̀ pa ní ìpele ìpele.

Ìju kan náà ni, ilé ọmọ kan náà ni. Ògiri ikùn nìkan ni ìyàtọ̀. Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ̀ pé ohun tó ń mú aláìsàn ké lóru ọjọ́ kejì, tí kì í jẹ́ kó lè wúkọ́, tí kì í jẹ́ kó dìde nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú ọ̀nà tí a gbà wọlé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, tẹ̀ jáde ní 2014 sọ ohun tí ojú wa ti rí: ìrora tó dín kù, ibà tó dín kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tó dín kù ní ilé ìwòsàn. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ọ̀nà kan ju èkejì lọ ní ti kí ìju má tún hù. Mo fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń ta ọjà fún ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tún wà fún obìnrin tó ṣì ń wá ọmọ, bíi ti àbúrò mi. Bí a bá la ikùn tí afẹ́fẹ́ wọlé, tí ọwọ́ àti gọ́ọ̀sì sì ń fi ara kan ìfun, àwọn ohun inú ikùn a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí ọgbẹ́ bá ń san. Ilé ọmọ lè lẹ̀ mọ́ ìfun, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lè dí. Ẹni tó wá yọ ìju torí àtibímọ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ìdènà mìíràn gbà. Ewu yìí wà lọ́nà méjèèjì, àmọ́ ti kámẹ́rà kéré sí i.

Ẹ̀rọ náà kò sì mọ sórí ìju nìkan. Kókó kékeré kan wà lókè kíndìnrín, ó jìn débi pé bí nǹkan tí kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ bá hù sí i, ẹni tó máa fi abẹ ńlá yọ ọ́ ní láti la ara aláìsàn gígùn gbọọrọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀. Láti 1992 ni Michel Gagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ti kọ ọ́ jáde pé ihò kékeré làwọn gbà yọ ọ́. Èyí tó bá jìn jù lọ nínú ikùn gan-an ni àǹfààní ẹ̀rọ yìí ti hàn jù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

3. Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ: ìju àwọn obìnrin wa máa ń tóbi jù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mo ti dúró nídìí iṣẹ́ abẹ tí a ti ka ìju 26 sínú báálì, tí ikùn ìyá náà rí bí oyún oṣù meje. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, abẹ ńlá ló tọ́ sí i, dókítà tó bá sì fi kámẹ́rà dán an wò láìní ọwọ́ fún un ń wá wàhálà. Àwọn ìju kan sì wà tó jẹ́ pé inú ihò ilé ọmọ gan-an ni wọ́n yọ sí. Ojú ara ni wọ́n ń gbà yọ ìyẹn, láìfi abẹ kan ikùn rárá. Nítorí náà, n kò ní kí ẹ fi kámẹ́rà ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìju mẹ́ta, tí èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, bọ́ sínú ohun tí ọwọ́ tó dáńtọ́ lè fi kámẹ́rà ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ má sì rò pé mo fẹ́ fi ewu rẹ̀ pamọ́. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bí wọn ò bá rán ògiri ilé ọmọ dáadáa, ó lè ya nígbà oyún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń lọ ìju wẹ́wẹ́ nínú ikùn kó lè gba ihò kékeré jáde. Ìṣirò wọn nígbà náà ni pé nínú nǹkan bí obìnrin 350 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìju fún, ti ẹnì kan lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó fara pamọ́, tí wọ́n á sì fọ́n ọn ká inú ikùn láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú àpò ni wọ́n ń ti gé e báyìí, tí wọ́n sì ń yẹ obìnrin wò dáadáa ṣáájú, pàápàá ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ sọ gbogbo èyí fún obìnrin náà. Ẹni tó gbọ́n tó láti ka owó àpò èlùbọ́ 40 lórí, ó gbọ́n tó láti gbọ́ ewu méjì kó sì mú ọ̀kan.

Àwọn obìnrin yìí ò sì kéré níye. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé kí obìnrin dúdú ibẹ̀ tó pé ẹni 50 ọdún, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ìju ti hù nílé ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni kò yọ lẹ́nu.

4. Ẹ lè ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Ta ló jẹ̀bi ìyẹn?

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, mo wà láàárín èrò. Wọ́n gé rìbọ́nù, wọ́n pín jọ̀lọ́ọ̀fù, gbogbo àlejò ya fọ́tò níwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Àwọn dókítà láti ìta wá lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn dókítà yín dúró lẹ́yìn wọn ń wòran, àwọn àlejò lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi aṣọ tíátà aláwọ̀ ewé bò ó, títí ẹ fi gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù aládàáni. Ọdún méjì gbáko. Ọ̀sẹ̀ kan ìwòran kì í sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán gan-an kì í fi ọ̀sẹ̀ kan gba òmìnira.

Kò sì yẹ kó le tó báyìí. Kurt Semm, dókítà àwọn obìnrin ní Kiel ní Jámánì, kọ́ iṣẹ́ rírọ irinṣẹ́ kó tó kọ́ ìṣègùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi gbé ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí kalẹ̀. Nígbà tó gba ihò kékeré yọ appendix, ìyẹn ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá, ní 1980, àgbà oníṣẹ́ abẹ kan kọ̀wé pé kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lónìí, ọmọ ilé ìwé ìṣègùn lè fi páálí, kámẹ́rà fóònù àti irinṣẹ́ àlòkù kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Ojoojúmọ́ ni kó máa so okùn, kó máa gbé ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sí òmíràn, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi gbọ́ràn sí ojú tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ní Mongolia, orílẹ̀-èdè tí òun náà kò lówó, iṣẹ́ abẹ àpò òróòro tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe kò tó nǹkan ní 2005. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti lé ní ìdajì. Àwọn olùkọ́ ń lọ, wọ́n ń padà lọ sọ́dọ̀ àwọn kan náà, títí àwọn tí wọ́n kọ́ fi ń kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ kan àti jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ẹ má sì rán dókítà nìkan lọ kọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irinṣẹ́ yẹn, fọ̀ ọ́, tò ó padà, yóò ba ti owó gọbọi jẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò mọ inú rẹ̀ yóò jẹ́ kí gílóòbù kan ṣoṣo dá gbogbo iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́ta. Mo ti rí méjèèjì níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Bí dókítà tó mọ̀ ọ́n bá sì bá ọkọ̀ òfúrufú lọ, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lọ, àwọn tó kù nílé ló máa kọ́ ẹni tó bá dé.

5. Iná àti gáàsì. Mi ò ní pẹ́ níbí. Jẹnẹrétọ̀ yín ń gbé amúlétutù yàrá ìpàdé ìgbìmọ̀. Á gbé tẹlifíṣọ̀n kan àti iná kan. Ẹ so bátìrì mọ́ ọn, kó má baà kú lójijì láàárín iṣẹ́. Irinṣẹ́ abẹ ńlá sì gbọ́dọ̀ wà ní títò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo ìgbà, bóyá iná lọ ni o, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló kọ̀ láti dá, kí a lè la ikùn lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tíátà yòówù tó mọṣẹ́ mọ èyí. Ní ìgbèríko Íńdíà, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan tilẹ̀ ń fi irin gbé ògiri ikùn sókè dípò kí wọ́n máa wá gáàsì.

6. Owó. Ibí gan-an ni mò ń bọ̀.

Owó ìlú ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ yìí. Orúkọ ìjọba ló wà lára rẹ̀, mo kà á lọ́jọ́ rìbọ́nù. Báwo ló ṣe wá di pé ẹni tó lè san owó wọ́ọ̀dù aládàáni nìkan ló ń gba ihò kékeré, tí ẹni tó ń ta èlùbọ́ ń gba abẹ gígùn? Mo lọ béèrè iye rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbowó. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a san ni wọ́n dárúkọ fún mi.

Ẹ lè sọ pé irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, àti pé owó tó bá wọlé ní wọ́ọ̀dù aládàáni ló máa tún un ṣe. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àbúrò mi pọ̀. Ẹ ṣírò ọjọ́ 11 lórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn ojú abẹ tó ṣọyún, àti owó páìntì ẹ̀jẹ̀ kẹta. Mo sùn sórí ìjókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo òru yẹn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò lọ sí iṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún torí à ń wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ọjà kún un, kí ẹ tó wá fi àpò mẹ́ta tí kòkòrò jẹ parí rẹ̀. Ìwé owó yín kò ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí torí pé àpò yín kọ́ ló ti jáde. Ní Nàìjíríà, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú gbogbo owó ìtọ́jú ìlera tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ abẹ tó dà bíi pé ó wọ́n wé èyí tó dà bíi pé kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ láti ilé aláìsàn.

Ní 2022 ni òfin tuntun ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Ẹ̀yin lẹ ní ohùn tí àjọ ètò adójútòfò ìpínlẹ̀ lè gbọ́. Ẹ lọ bá wọn jókòó lórí iṣẹ́ abẹ ìju oníkámẹ́rà, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè mọ iye tí wọ́n máa dá sílẹ̀ àti iye tí àjọ náà máa gbé.

7. Ohun tí mo ń béèrè nìyí, n kò sì rò pé ó pọ̀ jù. Ẹ yí ìkéde oṣù kìíní padà. Bí wọ́ọ̀dù aládàáni bá nílò ẹ̀rọ náà, kí ó máa wà lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Kí ọjọ́ tó kù jẹ́ ti tíátà gbogboogbò, ní iye tí tíátà gbogboogbò ń san, pẹ̀lú owó irinṣẹ́ àmúlò tí ẹ kọ sára ògiri kí gbogbo ojú lè rí i. Ẹ yan dókítà méjì, nọ́ọ̀sì méjì àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa kọ́ ọ títí ọwọ́ wọn á fi dá, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Lóṣooṣù, ẹ lẹ iye obìnrin tí ẹ fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ abẹ ìju fún, iye tí ẹ là, àti iye tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tí ẹ wá là, mọ́ pátákó kan náà tí ẹ lẹ ìkéde yẹn mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ìwé tí aláìsàn ń fọwọ́ sí kó tó wọ tíátà, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ sínú rẹ̀ pé ọ̀nà méjì wà, ìdí tí a fi mú ọ̀kan fún un, àti ibòmíràn tó lè lọ bí èkejì kò bá sí lọ́dọ̀ yín. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí àbúrò mi fọwọ́ sí. Ìka àtàǹpàkò ló tẹ̀ sí i.

Mo fún yín ní oṣù mẹ́ta. Lẹ́tà yìí ti dé ọwọ́ ẹgbẹ́ ìyálọ́jà, wọ́n ti ka á sókè ní ìpàdé, àwọn kan sì ti ń ṣí ikùn ara wọn hàn mí kí n rí ojú abẹ tiwọn. Ọjọ́ Wẹ́sídè ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni àbúrò mi tún ní àyẹ̀wò lọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo máa bá a wá. Bí wọ́n bá ti ń wò ó lọ́wọ́, mo máa rìn lọ ka pátákó ìkéde yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tíátà kan tó ti fẹ̀yìn tì